Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ sinmi ní òtẹ́ẹ̀lì, tẹ́ ẹ ò sì jẹ ẹran, ẹ bá kúùkù sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Láyé ọjọ́sí, bí wọ́n bá rí ọkùnrin tó nílé ní Àpáta, tó lọ gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì ní Bódìjà, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó lọ ṣe níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àlè ni wọ́n máa pè é. Bó bá wá jẹ́ ìyàwó ilé ni wọ́n rí níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ti gbé ọ̀rọ̀ náà débi tí kò dé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóde òní, tọkọtaya tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta fúnra wọn ni wọ́n ń di báàgì kékeré lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, wọ́n á sì lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nínú ìlú tí wọ́n ń gbé gan-an. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kálukú á padà sílé ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ òyìnbó dáadáa ní staycation lorúkọ ẹ̀. Èmi ò bá wọn jà lórí orúkọ, ìsinmi inú ìlú ni mo máa pè é ní tèmi.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Àbújá ti kúrò lóhun téèyàn ń fi ṣeré. Ojú ọ̀nà pàápàá ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹni tó bá ń wá iná tí kì í lọ, omi gbígbóná tó ń ṣàn látara ògiri, àti oorun tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ò ní dà rú, òtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ló máa wò. Owó ọkọ̀ tí ì bá ná sójú ọ̀nà, á fi kún owó yàrá. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ á tan ara wa jẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yàrá kọ́ ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ikùn ni. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹyin, wọn kì í mu mílíìkì, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní fẹnu kan oyin. Vegan ni òyìnbó ń pè wọ́n. Orúkọ náà ò tíì dàgbà púpọ̀ o. Ọdún 1944 ni Donald Watson àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Vegan Society sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Vegetarian ni wọ́n ń pe ẹni tí kì í jẹ ẹran tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n onítọ̀hún lè jẹ ẹyin, kó sì mu mílíìkì. Àwọn èèyàn Watson ní àwọn ò fẹ́ ìyẹn náà, ni wọ́n bá mú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà àti ìparí ẹ̀, wọ́n so ó pọ̀, ó di vegan. Láti ọdún 1994, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ni wọ́n sì ń ṣe àyájọ́ ẹ̀ káàkiri àgbáyé.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kò kàn wá. Ó kàn wá o. Dókítà ló ní kí ẹlòmíì jìnnà sí ẹran. Àánú ẹranko ló ń ṣe ẹlòmíì. Ti ẹlòmíì, ìgbàgbọ́ ni. Ṣèbí ẹ mọ Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tó jẹ́ ti ìjọ Adventist. Oúnjẹ tí kò lẹ́ran ni wọ́n fi ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà máa ń ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń yó, wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kúùkù ilẹ̀ Yorùbá ò lè gbọ́njẹ tí kò lẹ́ran fún èèyàn púpọ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tọkọtaya kan nílùú Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà, kẹ́nikẹ́ni má yọ mí lẹ́nu.

Ọdún kẹwàá tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ló pé. Ọkọ dá àjọ oṣù mẹ́fà, kò jẹ́ kí ìyàwó mọ̀, ọjọ́ tó kó àjọ ló sanwó yàrá ọjọ́ méjì. Ìyàwó yìí, tíṣà ni, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kì í fẹnu kan ohun ẹlẹ́mìí. Ọmọ wọn kejì ló ṣàìsàn nígbà náà, àìsàn tó mú kí gbogbo ilé máa sunkún. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ó ní bí Ọlọ́run bá dá ọmọ yìí sí fún òun, òun ò ní jẹ ohunkóhun tí wọ́n pa mọ́, òun ò sì ní jẹ ohun tó tinú ẹ̀ jáde. Ọmọ náà yè. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri àdúgbò báyìí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ṣé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló máa torí pé òun dé òtẹ́ẹ̀lì, kó wá gbàgbé ẹ̀jẹ́ ẹ̀?

Wọ́n dé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún àlejò gbé ìwé mẹ́nù wá. Obìnrin yìí bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹran wà nínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yìí?" Ọmọkùnrin náà ní, "Rárá mà, kò sẹ́ran níbẹ̀." Wọ́n gbé e wá, kò sẹ́ran níbẹ̀ lóòótọ́. Ó jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó tún jẹ ìrẹsì yẹn kan náà. Lọ́sàn-án, ó ní kí wọ́n fún òun ní iyán àti ẹ̀fọ́ tí kò lẹ́ran. Ó bu òkèlè kejì, ni ojú edé méjì bá ń wò ó látinú ẹ̀fọ́.

Ó pe ọmọkùnrin yẹn. Ọmọ náà ò bínú, kò sì purọ́. Ó ní, "Mà, ẹran lẹ ní ẹ ò jẹ, edé kì í ṣe ẹran." Obìnrin náà bi í pé ìrẹsì àná ńkọ́. Ọmọ náà ní, "Omitoro adìyẹ la fi sè é, mà, ṣùgbọ́n a ò bu adìyẹ sí tiyín."

Ha! Obìnrin náà gbé síbí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkọ ẹ̀ wojú àwọn tó wà ní tábìlì kejì, ojú tì í. Ó ní, "Ìwọ náà, ṣé torí edé tí kò tó èékánná lo ṣe fẹ́ ba ìnáwó oṣù mẹ́fà jẹ́? Ọlọ́run ò rí i, ìwọ náà ò kúkú mọ̀." Ìyàwó dáhùn pé, "Dádì, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú mi nígbà tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ sì ṣe àmín." Ọ̀rọ̀ yẹn pa ọkọ lẹ́nu mọ́. Obìnrin náà wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ìjà.

Ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀ ná, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo wọn, ta ló jẹ̀bi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bú ọmọ tó gbé oúnjẹ wá, ẹ fara balẹ̀. Lédè Yorùbá, ọmọ yẹn ò purọ́. Ẹran lọ́tọ̀, ẹja lọ́tọ̀, edé lọ́tọ̀, ẹyin lọ́tọ̀. Bí ìyá yín bá ní kẹ́ ẹ lọ ra ẹran wá lọ́jà, tẹ́ ẹ bá gbé pańla dé, ṣé kò ní bi yín léèrè bóyá etí yín di? Omitoro náà, nílé ìdáná, omi ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó bá sọ pé òun kì í jẹ ẹran, ohun tí kúùkù gbọ́ ni pé kó má bu ẹran sí i. Ó sì ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-è-jẹ. Ṣùgbọ́n téèyàn bá máa kọ̀ ọ́, kó kọ ọ́ débi tẹ́ni tó ń gbọ́ ọ máa mọ ohun tí wọ́n kọ̀.

Àfi mọ́ín-mọ́ín ló jẹ́ kí n rí ọ̀nà tí mo lè gbà ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Ṣèbí ẹ mọ mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́mìí méje, èyí tí wọ́n ń kó ẹyin, ẹja, edé, ẹran inú agolo àtàwọn nǹkan mìíràn sí nínú, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti fi síbí kàn án, ẹ̀mí kan á yọjú. Ó dáa. Ohun tí irú àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fẹ́ ni mọ́ín-mọ́ín tí kò lẹ́mìí kankan. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún kúùkù. Ẹ ní, "Mi ò fẹ́ ohun tó lẹ́mìí nínú oúnjẹ mi, mi ò sì fẹ́ ohun tó tinú ẹlẹ́mìí jáde." Kò sí kúùkù Yorùbá kan tí kò ní yé. Á rẹ́rìn-ín, á sì mọ ohun tó máa yọ.

Ohun tí obìnrin wa náà ṣe nìyẹn. Dípò kó gbé báàgì jáde, ó béèrè ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá kan ló bá níbẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń ṣa ewédú. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀ títí kan ti ọsibítù. Ìyá náà fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó bá mi sọ bẹ́ẹ̀ o. Ìwé tí wọ́n gbé wá, 'kò fẹ́ ẹran' ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì yọ ẹran. Àṣé ohun tó ò ń wá nìyẹn? Ohun tí ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà nígbà tí kò sówó ẹran ni."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá náà rọ àmàlà. Ó se gbẹ̀gìrì pẹ̀lú epo pupa, ata àti irú, ó fi ìjábẹ̀ já ewédú, kò sí edé níbẹ̀. Ó din ọbẹ̀ ata láìfi omitoro sí i, ó gé olú sínú ẹ̀, ó sì din wàrà sóyà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí beske, ó tò ó sórí ẹ̀ bí ẹni to ẹran. Ọkọ tó ti pàṣẹ ẹran ewúrẹ́ tiẹ̀ ń yọ́ ọwọ́ wọ abọ́ ìyàwó ẹ̀. Ìgbà tó di òkèlè kẹta, ó ní kí wọ́n bu tòun náà wá. Nípa ẹ̀jẹ́ tó ti bà jẹ́ láìmọ̀, obìnrin náà bá Ọlọ́run ẹ̀ sọ ọ́ lóru ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n sì jọ sọ, ìyẹn ò kan èmi àti ẹ̀yin.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Àkọ́kọ́, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó sanwó, torí owó yàrá tó bá ti wọlé, ó ṣòro kó tó jáde. Ẹ má sọ fún ẹni tó ń gbàlejò nìkan, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ bá kúùkù sọ̀rọ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń se omitoro àti ọbẹ̀ ata sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì máa fi se gbogbo nǹkan títí di alẹ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá dé tábìlì kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bẹ́ ẹ bá sọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á ya tiyín sọ́tọ̀.

Ìkejì, nǹkan mẹ́rin ni kẹ́ ẹ dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: omitoro, edé, máàgì àti òróró. Máàgì mìíràn wà tó jẹ́ adìyẹ tàbí edé ló wà nínú ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n lo irú àti iyọ̀. Irú ò ní ẹ̀mí kankan, èso igi igbá ni, ó sì máa ń jẹ́ kọ́bẹ̀ dùn débi tẹ́nikẹ́ni ò ní béèrè edé. Ní ti òróró, ẹ bi wọ́n bóyá òróró tí wọ́n fi din ẹja náà ni wọ́n fẹ́ fi din dòdò yín.

Ìkẹta, ẹ sá fún àwọn oúnjẹ tó dà bíi pé kò ní nǹkan nínú. Sálàdì tí wọ́n da mayonnaise lé, ẹyin wà nínú ẹ̀. Búrẹ́dì mìíràn ní mílíìkì àti bọ́tà. Ìrẹsì dídín ti òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Oúnjẹ ilé wa ni kẹ́ ẹ béèrè. Láàárọ̀, àkàrà àti ògì tí kò ní mílíìkì, tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín wa tí kò lẹ́mìí. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà àgànyìn tàbí àdàlú, pẹ̀lú dòdò, tàbí ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Lálẹ́, àmàlà tàbí iyán, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tó ní ẹ̀gúsí àti irú. Bébi bá pa yín láàárín òru, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà, àti omi tútù inú fíríìjì yàrá ńkọ́? Ta ló máa rí yín? Ìsinmi nìyẹn jẹ́.

Ẹni tó bá rò pé onítọ̀hún ò jẹ nǹkan gidi, kó gbọ́ èyí: nínú ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100, púrótéènì tó wà níbẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 23. Ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ìyà o. Àwa la sọ ọ́ di oúnjẹ ìyà. Ṣùgbọ́n mi ò ní pọ́n yín lójú lásán, ohun kan wà tí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ò lè fún yín, fítámì B12 ni. Ẹni tí kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí rárá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ẹ̀, tàbí kó máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti fi B12 kún. Àìtó ẹ̀ máa ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa kú. Kì í sì í tètè hàn, torí ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ fún ọdún díẹ̀. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Ẹ béèrè iye abọ́ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ sì rántí pé owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT ti di náírà méje àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà láti oṣù Kejì, ọdún 2020. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì mìíràn á tún fi owó iṣẹ́ lé e. Bí wọ́n bá yọ ẹran kúrò lórí oúnjẹ yín, tí iye ẹ̀ ò sì yọ, ẹ ní kí wọ́n fi olú tàbí dòdò dí i. Kì í ṣe ìjà, ẹ̀tọ́ yín ni. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé oúnjẹ wọlé láti ìta, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni òtẹ́ẹ̀lì náà, mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan fún yín. Ẹ kì í fẹ́ kọ ẹ̀kọ àti gbẹ̀gìrì sínú mẹ́nù yín, ẹ̀ ń wá orúkọ òyìnbó kiri, bẹ́ẹ̀ ìyá tó mọ̀ ọ́n sè dáadáa wà nílé ìdáná yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó oṣù fún un. Ìlà mẹ́rin péré lẹ máa fi kún mẹ́nù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé èyí ò ní omitoro, kò ní edé, kò ní ẹyin, kò ní mílíìkì. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín tó ń gbé oúnjẹ pé kí wọ́n máa béèrè: ṣé ẹran nìkan lẹ ò jẹ ni, àbí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí? Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ì bá ti gba obìnrin yẹn lọ́wọ́ ẹkún.

Ẹ̀yin ọkọ tó ń mú ìyàwó lọ sinmi, àti ẹ̀yin ìyàwó tọ́kọ yín ò jẹ ẹran, ẹ má jẹ́ kójú tì yín nítorí ohun tí èkejì yín ò jẹ. Ẹni tó bá yẹ̀ yín wò ní tábìlì kejì, òun kọ́ ló bá yín dá àjọ. Abéèrè kì í ṣìnà, ẹ béèrè lọ́wọ́ kúùkù, ẹ jẹun yó, kẹ́ ẹ sì sùn dáadáa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.